Kí Ẹ Tó Ra Ìrọ̀rí Fún Aboyún



Bí ọmọ yín bá lóyún ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndó, kí lẹ máa kọ́kọ́ rà fún un? Bàtà pẹlẹbẹ dára, ìrọ̀rí náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn yìí ná.

Nígbà kan, àwọn òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ irà ló ń fa ibà. Ní 1897, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Ní 1899, William MacGregor, tó jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó. Ó ní kí wọ́n fa omi irà kúrò, ó sì ń pín kuníìnì fún aráàlú.

Lónìí, omi ṣì ń dúró nínú gọ́tà wa. Ibà a máa dín ẹ̀jẹ̀ aboyún kù, ọmọ inú sì lè má tóbi tó. Torí náà, nẹ́ẹ̀tì olóògùn ni kó ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀ níbi tó ti forúkọ oyún sílẹ̀, wọ́n lè fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tó bá kù, ẹ fi ra ìrọ̀rí tí yóò fi ti ẹ̀yìn bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.