Dàlíà
Dàlíà, arẹwà aláràbarà inú ọgbà, jẹ́ òdòdó tí ó ṣẹ̀ wá láti orí òkè Mẹ́síkò, tí wọ́n sì sọ di òdòdó orílẹ̀-èdè náà ní 1963. Iṣu rẹ̀ ni a ń gbìn, ṣùgbọ́n èyí tí kò bá ní ojú lọ́rùn kò ní hù láéláé, bí ó ti wù kí ó sanra tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí yìnyín bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ń rì í sínú ilẹ̀ ọlọ́ràá tí oòrùn ń pa, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá tì í, nítorí igi rẹ̀ kò lágbára tó ẹwà orí rẹ̀. Bí òtútù bá sọ ewé rẹ̀ di dúdú, wọ́n á hú iṣu náà, wọ́n á sì fi iyanrìn gbígbẹ bò ó títí òtútù yóò fi lọ.