Ẹrù Àgbẹ̀ Lọ́wọ́ Agbowó-orí: Níbo ni Ẹjọ́ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀?

Òfin Nàìjíríà gba ẹni tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ nítorí owó-orí láàyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ẹ̀tọ́ náà dúró lé. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá gba gààrí tàbí tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, láìfún un ní ìwé kankan, kò ní ohun tí yóò mú lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí. Àlàyé mi ni pé ọ̀nà mìíràn wà fún un, àti pé ọ̀nà náà lágbára ju bí a ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti da agbègbè Ìbàdàn rú rí. Láàárín 1968 sí 1969, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn àgbẹ̀ Àkànrán àti abúlé káàkiri dìde lábẹ́ ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà. Táfà Adéoyè wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Owó kòkó tó ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kéré, owó-orí sì wúwo. Àmọ́ iye owó nìkan kọ́ ni wọ́n bá jà. Wọ́n ní kí ìjọba jáwọ́ nínú fífi ipá gba owó-orí, kí wọ́n yé ya wọ abúlé láti kó ènìyàn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá dìde, síbẹ̀ ìjà kò tán. Ní September 1969 àwọn àgbẹ̀ náà fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ẹ̀yìn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ni ara tó rọlẹ̀, tí owó-orí sì wálẹ̀ sí £2. Ní tèmi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe kedere: àwọn tí kò rí ilé ẹjọ́ tó lè gba ẹ̀dùn wọn ni wọ́n gbé ìbọn.

Lónìí, ilé ẹjọ́ wà nínú ìwé òfin. Abala 104 nínú òfin owó-orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí a lò títí di òpin 2025, ní kí ìṣirò owó náà ti di àṣekágbá, kí ìwé ìbéèrè owó ti tẹ onígbèsè lọ́wọ́, kí àkókò ìsanwó sì ti kọjá, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Àtúnṣe 2011 fi kún un pé kí agbowó-orí lọ búra níwájú adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga kó tó gba ìwé àṣẹ. Lábẹ́ òfin yẹn, wọ́n máa ń tọ́jú ẹrù náà fún ọjọ́ 14 kí wọ́n tó tà á. Ẹni tí ìṣirò náà kò tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 30 láti takò ó, bí kò bá sì tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ẹjọ́ Owó-orí, tí ìjókòó ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn rẹ̀ wà ní Ìbàdàn.

Ibi tí òfin yẹn ti kù díẹ̀ káàtó ni pé adájọ́ lè fọwọ́ sí ìwé àṣẹ yẹn láìpe ẹlẹ́rù. Àwọn àgbà wa sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn agbowó-orí á ní bí àwọn bá kọ́kọ́ pè é, yóò kó ẹrù náà pamọ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ fún oníléeṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n tòmátì kì í dúró de ọjọ́ 14. Ìdáláre tó bá dé lẹ́yìn tó ti jẹrà kò dá nǹkan kan padà.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ẹni tó rí ìwé gbà. Ní ti ìdènà lójú ọ̀nà, òfin 1998 lórí owó-orí tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan agbowó-orí fúnra rẹ̀, láti dí ọ̀nà torí owó-orí. Ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí méjèèjì, ló fi lé e. Abala 44 ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 kò jẹ́ kí a gba ohun ìní ènìyàn lọ́nà àìtọ́, ó sì yọ gbígba owó-orí sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ fi àyọsílẹ̀ yìí bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. N kò gbà. Ohun tí òfin ti kà léèwọ̀ kò lè tún máa jẹ́ gbígba owó-orí. Ìgbẹ́sẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àwọn adájọ́ náà kì í bẹ̀rù irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní May 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Èkó fagi lé àṣẹ tí mínísítà fi tún àkójọ owó-orí inú òfin 1998 yẹn ṣe ní 2015, nínú ẹjọ́ tí àwọn onílé-ìtura pè.

Ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 ni ọ̀nà tí mo ń wí. Kò fi gbèdéke àkókò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó sì gba ẹgbẹ́ láàyè láti pe ẹjọ́ lórúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ̀tọ́ tí wọ́n tẹ̀ lójú ṣáà jẹ́ olórí ohun tí wọ́n ń bèèrè.

Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026 yọ ẹni tí èrè rẹ̀ lọ́dún kò ju ₦800,000 kúrò nínú owó-orí lórí èrè, a sì ti dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún gbígbọ́ ẹ̀sùn àwọn asanwó-orí. Ó yẹ kí ọ́fíìsì náà ní àga ní sẹkitéríàtì Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Kó tó di ìgbà náà, mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí: ẹ kọ ọjọ́, ibi àti nọ́ńbà ọkọ̀ tó gba ẹrù sílẹ̀, kí ẹ pawọ́ pọ̀ gba agbẹjọ́rò kan, kí ẹ gbé ẹjọ́ kan ṣoṣo lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìbàdàn.