Láti Ọwọ́ Alárinà Dé Orí Fóònù

Nígbà àjọ̀dún, ó yẹ ká bojú wẹ̀yìn. Ìtàn ilé ọkọ la fẹ́ sọ níbí, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ọmọ wa obìnrin. Àwa ní kí wọ́n tètè lọ́kọ, àwọn ní ká ní sùúrù.

Láyé àwọn ìyá ìyá wa, ẹbí ló ń fẹ́ ìyàwó. Wọ́n á fojú sóde, wọ́n á wádìí ilé, alárinà á máa lọ, á máa bọ̀, kó tó di ọjọ́ ìtọrọ àti ìdána. Bàbá ọkọ ló sábà máa ń san owó orí. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé àfi bí ẹni pé kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: kì í ṣe gbogbo ẹni tó dúró ló fi ayọ̀ dúró.

Owó ló kọ́kọ́ yí i padà. Ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, kòkó náà sì di owó. Ọmọkùnrin tó ń gbowó iṣẹ́ lè san owó ìdána fúnra rẹ̀ láì dúró de bàbá. Kóòtù tún dé. Obìnrin tí ilé ọkọ bá sú lè lọ síbẹ̀, kí wọ́n dá owó orí padà, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà pariwo pé ayé ti bàjẹ́. Àbí kì í ṣe ohun tí àwa náà ń sọ lónìí nìyẹn?

Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ì bá máa kiri ọjà bọ́ sí kíláàsì. Ọmọ tó bá ti lè kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ alárinà dín kù lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí SAP dé ní 1986, owó oṣù ọ̀pọ̀ ọkọ ò gbé ilé mọ́. Igbá àti ìsọ̀ wa ló ń san owó ilé ìwé, àwọn ọmọ wa sì ń wò wá. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ọkọ ń fún ìyàwó lówó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Lónìí, ọmọ fẹ́ níṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó wọlé ọkọ. Ta ló kọ́ ọ? Àwa náà ni!

Fóònù alágbèéká dé ní 2001. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdé báyìí. Ìwádìí ò parẹ́, ó kàn wọ ọsibítù ni: wọ́n ń bi ara wọn bóyá AA ni àbí AS. Alárinà náà ò kú tán. Alága ìdúró àti alága ìjókòó ti gba ọ̀rọ̀ sísọ lọ́jọ́ ìdána, wọ́n sì ń gbowó rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kì í ṣe ẹni à ń gbé níyàwó. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra aṣọ ẹbí. Ariwo ọjọ́ kan ni, gbèsè rẹ̀ á kọjá ọdún. Ẹ fi dá òwò sílẹ̀ fún ọmọ. Kẹ́ ẹ tó bi í pé "Ìgbà wo ni?", ẹ kọ́kọ́ bi í pé "Irú èèyàn wo ni?"

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú ire rí àwọn ọmọ wa nílé ọkọ. Àṣẹ.