Ìjọba àti Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ilẹ̀ Wa

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Nígbà tí a bá ń gbọ́ ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ pé ó yẹ kí ìjọba ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́, òwe yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun titun. A ti rí èyí tí ó gbé iṣẹ́ ga, a sì ti rí èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹ jẹ́ kí a gbé méjèèjì yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe àlejò ní Rẹ́mọ. Kí ìlú mẹ́tàlá tó parapọ̀ di Ṣàgámù ní ọdún 1872 ni àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ti ń hun aṣọ olónà, àti ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó ń gbé kọ́ èjìká. Òkìkí aṣọ Ìjẹ̀bú kàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù fi ń rà á létí òkun ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Rẹ́mọ yìí kan náà ni ọ̀nà Ìkòròdú là kọjá lọ sí òkè, ọ̀nà náà sì ni ẹrù òyìnbó ń gbà wọlé. Lẹ́yìn tí Rẹ́mọ bọ́ sí abẹ́ ìjọba Èkó ní 1894, aṣọ ẹ̀rọ túbọ̀ ń pọ̀ lọ́jà. Owó rẹ̀ kéré, kò sì sí ahunṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ lè yá bí ẹ̀rọ.

Àwọn aláró Abẹ́òkúta, aládùúgbò wa, rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n ra aṣọ funfun òyìnbó, wọ́n fi ìko dì í tàbí kí wọ́n fi ẹ̀kọ kọ ọnà sí i lára, wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú aró. Ó di àdìrẹ. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníbàárà ń ti Gold Coast àti Sẹ̀nẹ̀gà wá ra á.

Lẹ́yìn náà ni ìdákúrekú dé bá òwò gbogbo ayé ní 1929, ọjà àdìrẹ sì kù. Àwọn kan ń ráhùn pé sódà àti aró òyìnbó ni ó ń ba aṣọ jẹ́. Aláké Ladapo Ademola Kejì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fòfin de méjèèjì, kí orúkọ rere àdìrẹ má baà bàjẹ́. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ewé ẹ̀lú àti omi eérú ń gba ọjọ́ púpọ̀ àti igi ìdáná púpọ̀, sódà sì ń dín làálàá náà kù. Ta ni ó bi aláró léèrè kí a tó gba á lọ́wọ́ rẹ̀? Ní 1936 àwọn obìnrin náà dìde láti fi ẹ̀hónú wọn hàn, a sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Òfin náà kò tọ́jọ́. Títí di òní olónìí ọ̀pọ̀ aláró ni ó ń lo sódà. Ẹ kíyèsí i: ọ̀dá owó gba gbogbo ayé, ìkòkò aró ni a sì na ọwọ́ ìyà sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan láti òkè ọ̀hún wé èyí. Ní 1950 ìjọba amúnisìn yan Michael Cardew, amọ̀kòkò láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti máa bójútó iṣẹ́ ìkòkò. Ní ààfin Ẹ́míà Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja nísinsìnyí, ni ó ti rí ìkòkò omi tí obìnrin Gwari kan, Ladi Kwali, fi ọwọ́ mọ. Ìlú náà ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ amọ̀kòkò sílẹ̀ sí. Ladi Kwali sì wọ ibẹ̀ ní 1954. Ó kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀rọ yí amọ̀, àti bí a ti ń mú kí ara ìkòkò máa dán bí dígí. Síbẹ̀ ó ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, ó sì ń fín alángbá àti ejò sí i lára. A pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní London, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà wa. Ìjọba bá ọgbọ́n kan nílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi òmíràn kún un, ó sì wá ọjà fún un.

Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ní ọjọ́ wa yìí, ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ń tẹ aṣọ tí ó jọ àdìrẹ, a sì ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó ní iye owó tí aláró kò lè bá dọ́gba. Ahunṣọ Rẹ́mọ ti rí irú èyí rí. Àwa rò pé níhìn-ín ni agbára ìjọba wúlò jù: kí a lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí àfarawé lọ́jà, kí oníṣẹ́ ọwọ́ rí owó yá láìsí èlé apanilára, kí a sì pè é wá sí ilé-ìwé láti kọ́ àwọn ọmọ tí kò jókòó ti òfì mọ́ láti ìgbà tí Obafemi Awolowo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955. Ní ti bí a ti ń po aró àti bí a ti ń ta òfì, kí àwọn aláṣẹ lọ jókòó ti ìyá aláró, kí wọ́n sì bi í léèrè.