Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, òjíṣẹ́ ọba: Samuel Johnson àti Ogun Kírìjì

Nínú Yorùbá òde òní, "òjíṣẹ́ Ọlọ́run" ni ẹni tó ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, "mínísítà" sì ni ẹni tó wà l'Ábújá tí fèrè ọlọ́pàá ń ké níwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ó wá dà bíi pé àwọn méjèèjì kò bára tan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí mo kọ́ nígbà yẹn á rántí bí a ṣe ń tú òjíṣẹ́ palẹ̀: jẹ́ àti iṣẹ́, kí a tó fi ò- síwájú wọn. Iṣẹ́ tí à ń wí yìí kì í ṣe ti oko tàbí ti ọ́fíìsì o. Iṣẹ́ tí a rán ni ni. Ibẹ̀ náà ni ìránṣẹ́ ti wá. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sì dé Róòmù orí 13, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ aláṣẹ ìlú, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n pe aláṣẹ ọ̀hún.

Ẹnì kan wà tó jẹ́ òjíṣẹ́ lọ́nà méjèèjì pa pọ̀, kò sì rọrùn fún un. Ọdún 1846 ni wọ́n bí Samuel Johnson ní Hastings, ní Sàró. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni bàbá rẹ̀ ka ara rẹ̀ sí. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un wá sí Ìbàdàn, lábẹ́ iṣẹ́ ìyìn rere tí David Hinderer ń ṣe níbẹ̀. Ó kàwé l'Ábẹ́òkúta, ó padà wá ṣe tíṣà n'Ìbàdàn, ó di katikíìsì, nígbà tó sì di 1881 ó ti wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ó ń bójú tó ìjọ ibẹ̀.

Ogun Kírìjì ti ń jà nígbà náà. Láti 1877 ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtìparapọ̀ lápá kejì. Àwọn àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti fojú àwọn ará Èkìtì rí màbo, ìyẹn ló mú Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí wọn, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà wá di olórí ogun lẹ́yìn náà. Orúkọ ogun yìí gan-an, ìró ìbọn ni. Ìbọn tuntun tó ń dún kí-rì-jì yẹn, ibo ló ti wá? Èkó ni. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ti Sàró àti Bràsíìlì dé, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ onígbàgbọ́, wà lára àwọn tó dáwó, tí wọ́n sì bá wọn wá ìbọn. N'Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, ìjọ wà níbẹ̀ lọ́wọ́ Daniel Olúbi, ó sì ń gbàdúrà fún ìlú tirẹ̀. Ọlọ́run kan náà ni wọ́n jọ ń ké pè. Èmi ò lè dá àwọn ará Èkó yẹn lẹ́bi, nítorí ẹni tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú kò lè máa kọrin lásán. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, kí ni kí pásítọ̀ ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀?

Ohun tí Johnson ṣe ni pé ó jẹ́ iṣẹ́. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí fẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó bá wọn dá sí i. Johnson ló bá ọba kọ lẹ́tà, òun náà ló sì gbé e lọ. Ibí yìí ni ìmọ̀ èdè ti wọ̀ ọ́. Láyé àtijọ́, àrokò làwọn ọba ń fi ránṣẹ́ síra wọn, tàbí kí wọ́n rán ikọ̀ tó gbọ́n. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyẹn ni pé òjíṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti rọ ọ̀rọ̀ tó le, kó fi ẹnu dídùn sọ ọ́. Lẹ́tà kò gba ìyẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọba, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, agbára ọwọ́ rẹ̀ ju ti ikọ̀ lọ fíìfíì. Ta ló máa mọ̀ tó bá yí i? Kì í ṣe Aláàfin, kì í sì í ṣe gómìnà. Lójú tèmi, òdodo onígbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìlú, irú ibẹ̀ yẹn la ti ń dán an wò, ju orí àga ìwàásù lọ.

Iṣẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yẹn kò so èso. Ààrẹ Látòósà kú sójú ogun ní 1885. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán Johnson padà sókè, ó sì fi Charles Phillips tì í. Oǹdó ni Phillips ti ń ṣiṣẹ́ ìjọ. Ó jọ mí lójú pé wọ́n mú àwọn méjèèjì pọ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, Ìbàdàn ló dàgbà sí, ará Èkìtì wo ló máa gba ọ̀rọ̀ ẹnu òun nìkan gbọ́? Wọ́n ti ọ̀dọ̀ ọba kan dé ọ̀dọ̀ ọba kejì, wọ́n wọ ibùdó ogun Ìbàdàn, wọ́n wọ ti Èkìtìparapọ̀. Àdéhùn tó ti ibẹ̀ jáde, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1886 ló wà lórí rẹ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun ṣí kúrò lójú ìjà tí wọ́n ti wà fún bí ọdún mẹ́sàn-án.

Kò tíì parí o. Ìlọrin ṣì dó ti Ọ̀fà, Ìbàdàn sì ní láti jókòó sí Ìkìrun kọjú sí wọn. Ọ̀ràn Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ kò yanjú. 1893 ni Gómìnà Carter tó wá tú gbogbo wọn ká, ṣùgbọ́n òun kò wá lọ́fẹ̀ẹ́: ìwé àdéhùn tó mú wọn fọwọ́ sí ló sọ ilẹ̀ Yorùbá di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá 1895, Kápútẹ́ènì Bower yin àgbá lu Ọ̀yọ́, ìlú tí Johnson ti ń ṣe pásítọ̀, ìlú ọba tó rán an níṣẹ́ ní 1881. Àwọn kan wà tó ń wí pé àwọn àlùfáà ló ṣílẹ̀kùn fún òyìnbó. Èmi gbà pé òtítọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: àwọn tó ń kú ní Kírìjì, ta ni kí wọ́n ké sí? Àwọn ọba fúnra wọn ti gbìyànjú, kò bọ́ sí i.

Ní 1897 Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí òyìnbó kan tó ń tẹ̀wé, ìwé náà sọnù. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀, ó sì jáde ní 1921. Ìwé yẹn fì sọ́dọ̀ Ọ̀yọ́ díẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kà á ló máa rí i. Síbẹ̀ àwọn lẹ́tà ìgbà ogun wà nínú rẹ̀, ti Aláàfin náà wà níbẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tí ọba fi sọ ọ́ fún Johnson ni kò sí níbẹ̀.