Sísẹ́ẹ̀tì Fáàfù àti Injẹ́tọ̀ Ẹ́ńjìnì Dísẹ́ẹ̀lì Ńlá

Sísẹ́ẹ̀tì fáàfù àti injẹ́tọ̀ ni iṣẹ́ ìtọ́jú tí a fi ń dá àlàfo tó wà láàárín fáàfù àti irin tó ń tì í padà sí ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnì là sílẹ̀, tí a sì fi ń tún ìtẹ̀ injẹ́tọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tú dísẹ́ẹ̀lì sínú sílíńdà, ṣe lórí àwọn ẹ́ńjìnì tí injẹ́tọ̀ wọn ń gba agbára lára kámúṣáfùtì. Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì Èkó, "sísẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì" ni orúkọ tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí Kuje àti Festac Town wà, iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì rárá, nítorí pé Mile 2 ni ọ̀nà Apápá sí Òṣòdì ti pàdé ọ̀nà Èkó sí Badagry, èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977 kò sì jìnnà síbẹ̀, débi pé tọ̀sán-tòru ni táńkà àti tírélà ń gba àdúgbò náà kọjá.

Fáàfù jẹ́ irin bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ fẹ̀, tó ń ṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú sílíńdà tàbí kí èéfín lè jáde, tó sì ń pa dé pinpin nígbà tí písítìn bá ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Kámúṣáfùtì, ìyẹn ọ̀pá onígọngọ tó ń yí lẹ́ẹ̀kan bí kiráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ló ń ti ọ̀pá kan sókè. Ọ̀pá náà a gbé ẹ̀yìn rọ́kà, ìyẹn irin tó ń mì lórí àárín rẹ̀, orí rẹ̀ kejì a sì tẹ fáàfù mọ́lẹ̀. Bí irin bá ti gbóná ló ń gùn sí i, nítorí náà àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín rọ́kà àti fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, èyí tí ooru yóò wá jẹ mọ́ra bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Fáàfù èéfín ló máa ń gbóná jù, ìdí nìyí tí àlàfo tirẹ̀ fi sábà máa ń fẹ̀ ju ti fáàfù afẹ́fẹ́ lọ.

Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, fáàfù yóò pẹ́ kó tó ṣí, kò sì ní ṣí tó, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé yóò dín kù, èéfín dúdú lè pọ̀, orí ẹ́ńjìnì yóò sì máa ró gbà-gbà-gbà. Bí ó bá kéré jù, fáàfù kò ní jókòó tán. Ibi ìjókòó yẹn gan-an sì ni ooru ti ń kúrò lára rẹ̀ bọ́ sínú omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára, nítorí náà etí fáàfù yóò jó, kọ́ńpírẹ́ṣàn yóò máa sá lọ, ẹ́ńjìnì yóò sì máa ṣorí kunkun láàárọ̀, tí yóò máa tú èéfín funfun kó tó gbà. Nínú àléébù méjèèjì, èyí tí kò pariwo ló burú jù. Bí fáàfù bá ṣe ń rì wọ inú ìjókòó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni àlàfo ń dín kù, ẹ́ńjìnì a sì máa dákẹ́ sí i bó ṣe ń súnmọ́ ìbàjẹ́. Awakọ̀ tètè máa ń fẹjọ́ ariwo sùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fẹjọ́ ẹ́ńjìnì tó dákẹ́ sùn. Mẹkáníìkì tó bá ń fi etí nìkan sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, tó ń fún un títí ariwo yóò fi lọ, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó fáàfù náà ni.

Nọ́ńbà ló ń darí iṣẹ́ yìí, kò sì sí nọ́ńbà kan tó bá gbogbo ẹ́ńjìnì mu. OM352, ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà 6 tó wà nínú ọkọ̀ Mercedes-Benz 911 tí wọ́n kan mọ́lúè lé lórí, ń gba mílímítà 0.20 fún fáàfù afẹ́fẹ́ àti 0.30 fún ti èéfín nígbà tó bá tutù. WD615 tó wà nínú tírélà Howo ti Ṣáínà ń gba 0.30 àti 0.40, ọ̀dọ̀ Steyr ti ilẹ̀ Austria ni ètò ẹ́ńjìnì yìí ti wá, Steyr kan náà tí wọ́n ń to ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ ní Bauchi nígbà kan. Jẹnẹrétọ̀ tó ń lo Perkins 1104 ń gba 0.20 àti 0.45. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn ń fi ìǹṣì wọ̀n ọ́n: Mack E7 ń gba 0.016 àti 0.024, Cummins NTC-855 sì ń gba 0.011 àti 0.023. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí, nítorí pé orí abẹ kan náà lára fílà géèjì, ìyẹn àwọn abẹ irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo, ni wọ́n sábà máa ń kọ mílímítà àti ìǹṣì sí. Mílímítà 0.20 kò ju ìǹṣì 0.008 lọ, nígbà tí ìǹṣì 0.020 jẹ́ mílímítà 0.51, ẹni tí kò bá wo èyí tó ń kà dáadáa lè fi ìwọ̀n tó ju ìlọ́po méjì lọ síbi tí kò yẹ.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ti tutù dáadáa, wọ́n a fi ìdènà há táyà, wọ́n a sì tú orí bátìrì kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà sítáàtì nígbà tí ọwọ́ ẹlòmíràn wà lórí rọ́kà. Wọ́n a ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnì, wọ́n a fọwọ́ yí kiráńkì títí àmì ara fláíwíìlì tàbí ti púlì iwájú yóò fi fi hàn pé písítìn kìíní ti dé òkè pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni písítìn ń dé òkè nínú iṣẹ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú kọ́ńpírẹ́ṣàn àti ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ìtújáde èéfín, nítorí náà àmì nìkan kò tó. Lórí ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà 6 tí iná rẹ̀ ń tò ní 1-5-3-6-2-4, sílíńdà 1 àti 6 jẹ́ ìkejì ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni 5 àti 2, àti 3 àti 4. Bí fáàfù méjèèjì ti sílíńdà 6 bá ń mì nígbà tí a bá rọra mi kiráńkì síwá-sẹ́yìn, tí ti èéfín ń pa dé tí ti afẹ́fẹ́ sì ń ṣí bọ̀, a jẹ́ pé sílíńdà 1 ló wà ní kọ́ńpírẹ́ṣàn, òun ni a ó sì sẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, a ó yí kiráńkì ní ìdá kan nínú mẹ́ta fún ìkọ̀ọ̀kan tó kù, kiráńkì yóò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po ẹ̀ẹ̀mejì kí gbogbo rẹ̀ tó pé.

Abẹ fílà géèjì gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ìfà díẹ̀, kó má yọ̀ gbẹrẹ, kó má sì há. Ìgbà tí wọ́n bá ń fún lọ́kìnọ́ọ̀tì, ìyẹn nọ́ọ̀tì tó ń di ìdè rọ́kà tí a fi ń sẹ́ẹ̀tì àlàfo mú, ni ìwọ̀n sábà máa ń yẹ̀, nítorí pé nọ́ọ̀tì náà máa ń yí ìdè pẹ̀lú ara rẹ̀. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ a fi sikurudiráífà mú ìdè dúró nígbà tí sípánà ń fún nọ́ọ̀tì, a sì tún ti abẹ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kúrò níbẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnì tó ní fáàfù 4 fún sílíńdà kan, tí rọ́kà kan ń tẹ fáàfù 2 papọ̀ nípasẹ̀ irin àgbélé kan, irin àgbélé yìí ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ó lè kan orí fáàfù méjèèjì bákan náà.

Ọ̀rọ̀ injẹ́tọ̀ yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnì kan sí òmíràn. Ti OM352 àti ti WD615 tó ń lo pọ́ǹpù ń gba dísẹ́ẹ̀lì tó ti ní agbára tẹ́lẹ̀ láti inú páìpù, kò sì sí ohun tí a ń sẹ́ẹ̀tì lórí ẹ́ńjìnì. Ṣe ni a ń yọ wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe kalibírésàn, tí wọn yóò wo agbára tí ẹnu rẹ̀ fi ń ṣí, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 200 bar fún OM352. Ètò PT tí Cummins gbé jáde ní 1954 kò rí bẹ́ẹ̀: kámúṣáfùtì ló ń ti ọ̀pá inú injẹ́tọ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pá náà sì gbọ́dọ̀ kan ìsàlẹ̀ ife rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n agbára kan pàtó, nítorí pé bí a bá fún un jù, ẹnu ife lè fọ́ tàbí kí ọ̀pá ìtì tẹ̀, bí ó bá sì dẹ̀ jù, èédú yóò kó sínú ife. Lórí NTC-855, àmì kan náà ni a fi ń sẹ́ẹ̀tì injẹ́tọ̀ sílíńdà kan àti fáàfù sílíńdà mìíràn, bíi injẹ́tọ̀ 3 pẹ̀lú fáàfù 5 ní àmì A, ohun tó máa ń da ọmọṣẹ́ tuntun lójú rú. Oríṣi kẹta, irú èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnì Series 71 tí General Motors gbé jáde ní 1938, fi pọ́ǹpù àti injẹ́tọ̀ sínú ara kan. Gíga rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n lórí Caterpillar C15, mílímítà 78.0, ṣùgbọ́n lórí Volvo D13 àti Mack MP8 tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, lẹ́yìn tí Volvo ti gba Mack ní 2001, a ó fún ìdè títí kò ní sí àlàfo mọ́, lẹ́yìn náà a ó fi igun nọ́ọ̀tì 3 tàbí 4 kún un gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ́ńjìnì bá ṣe wí. Àwọn ẹ́ńjìnì kọ́mọ́nùréèlì, tí Denso kọ́kọ́ fi sínú ọkọ̀ akẹ́rù Hino ní 1995, kò ní irú ìsẹ́ẹ̀tì yìí rárá, kọ̀ǹpútà ló ń ṣí injẹ́tọ̀ wọn, fáàfù wọn nìkan ni a ó wọ̀n.

Ìwé ẹ́ńjìnì máa ń fi kìlómítà àti wákàtí sọ ìgbà tí iṣẹ́ náà tó, àmọ́ ọ̀nà Apápá ti kọ́ àwọn onítírélà pé wákàtí ló ṣe é gbọ́kàn lé jù, nítorí ọkọ̀ tó wà lórí ìlà ìwọlé èbúté lè máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ láìrìn jìnnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò ìpè orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ètò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2021, wà láti dín ìlà náà kù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ tọ́pù gáskẹ́ẹ̀tì, wọn gbọ́dọ̀ tún gbogbo àlàfo wọ̀n. Ó sì ṣàǹfààní kí wọ́n kọ iye tí wọ́n bá lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó yí ìdè, nítorí pé fáàfù tó bá há ju àwọn yòókù lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí ń rì wọ inú ìjókòó rẹ̀ ni, títú orí ẹ́ńjìnì sì ni yóò yanjú ìyẹn.