Ìsàlẹ̀

Ará Òṣogbo tó bá ní òun ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ṣe àtẹ̀gùn ló ń sọ̀kalẹ̀. Àdúgbò ni, apá ibi tí ilẹ̀ ti ń dà lọ sí odò. Ìtàn ìlú sọ pé etí omi ni àwọn tó tẹ Òṣogbo dó kọ́kọ́ wà, kí wọ́n tó kó gòkè lọ sí ibi tí ààfin Àtáọ́ja, ọba ìlú náà, àti Ọjà Ọba wà lónìí. Igbó Ọ̀ṣun ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn, òun náà sì ni UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005.

Ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtẹ́ńbẹ́lú. Ìsàlẹ̀ Èkó ni Ìga Ìdúngànràn, ilé ọba, wà. Tí àgbà bá sì ní "ìsàlẹ̀ ọrọ̀ ló lẹ́gbin", ìdí ọrọ̀ náà ló ń tọ́ka sí.

Àwọn Potogí náà ń fi ìsàlẹ̀ àti òkè sọ àdúgbò lórúkọ. Ní Lisbon, Baixa, tó túmọ̀ sí ìsàlẹ̀, ni wọ́n ń pe àárín ìlú tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní 1755. Bairro Alto, àdúgbò òkè, wà lórí òkè tó kángun sí i. Ní 1902 ni ẹ̀rọ agbéniròkè Santa Justa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn láti Baixa lọ sókè. Ní Òṣogbo, ẹsẹ̀ àti ọ̀kadà là ń lò.